Oluale Kossola, Ọmọ Àgbẹ̀ Tí Ìwé Ìkànìyàn Kò Kọ Orúkọ Rẹ̀

Ọkùnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín ní ọdún yìí kì í ṣe ọmọ ìlú wa, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ni bí àwa náà, ọmọ àgbẹ̀ sì ni. Àwọn ará Amẹ́ríkà mọ̀ ọ́n sí Cudjo Lewis. Kossola ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ọmọ wa tí ó wà lókè òkun ni ó ń béèrè bí ènìyàn ṣe lè tọ ìdílé rẹ̀ padà sẹ́yìn, láti ọ̀dọ̀ bàbá dé ọ̀dọ̀ bàbá ńlá. Àwọn kan nínú wọn ti rí i pé àwọn aládùúgbò wọn ń fi ìwé ìkànìyàn àtijọ́ ṣe iṣẹ́ yìí, wọ́n sì rò pé ìwé ìjọba lè sọ ohun gbogbo. Ìgbésí ayé Kossola yóò fi ohun tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè sọ hàn wá, yóò sì fi ohun tí kò lè sọ hàn wá pẹ̀lú.

Ilé tí a ti bí i

A bí Kossola ní nǹkan bí ọdún 1841. Olùwádìí Sylviane Diouf, ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ tí ó jinlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, tọ́ka sí ìlú Banté, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Benin lónìí, gẹ́gẹ́ bí ìlú rẹ̀. Orúkọ bàbá rẹ̀ ni Oluale, orúkọ ìyá rẹ̀ ni Fondlolu. A kọ àwọn orúkọ wọ̀nyí bí àwọn ará Amẹ́ríkà ti gbọ́ wọn, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò gbọ́ Oluale tí kò ní mọ̀ pé ará ilé ni ó ń pè. Oluale kì í ṣe ọlọ́rọ̀. Ó ní aya mẹ́ta. Fondlolu ni ìyàwó kejì, ọmọ mẹ́fà ni ó sì bí fún un. Bàbá àgbà Kossola jẹ́ ìjòyè ọba, ó ní ilẹ̀, ó sì ní màlúù. Iṣẹ́ oko ni àwọn ará ìlú náà fi ń jẹun. Láti nǹkan bí ọmọ ọdún 14 ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ Kossola ní iṣẹ́ ọmọ ogun, kí ó lè gbèjà ìlú bí ọ̀tá bá dé.

Ọ̀tá náà dé ní ọdún 1860. Àwọn ọmọ ogun Dahomey, ní àkókò Ọba Glele, ká wọn mọ́lé ní kùtùkùtù òwúrọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Wọ́n pa ọba ìlú náà, wọ́n pa àwọn àgbà, wọ́n sì kó àwọn ọ̀dọ́ ní ẹrú. Kossola jẹ́ ọmọ ọdún 19 nígbà náà. Kò rí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà títí ó fi kú. Wọ́n dà wọ́n lọ sí Abomey, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti kó wọn lọ sí Ouidah ní etí òkun, níbi tí wọ́n há wọn mọ́ inú àgọ́ ẹrú.

Láti ọdún 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọ ilẹ̀ náà láti òkèèrè léèwọ̀, nígbà tí ó sì di ọdún 1820, òfin sọ pé ikú ni ìjìyà ẹni tí ó bá ṣe é. Síbẹ̀, ọlọ́rọ̀ kan ní ìlú Mobile, ní ìpínlẹ̀ Alabama, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Timothy Meaher, rán ọ̀gá ọkọ̀ kan, William Foster, lọ sí Ouidah pẹ̀lú ọkọ̀ òkun tí à ń pè ní Clotilda. Ènìyàn bí 110 ni Foster kó wá. Òru ni wọ́n mú wọn wọ Mobile ní oṣù keje ọdún 1860, wọ́n sì dáná sun ọkọ̀ náà kí ìjọba má baà rí ẹ̀rí. Lẹ́yìn ọdún 159, ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, ni a kéde pé a ti rí àfọ́kù ọkọ̀ náà nínú ẹrẹ̀ odò.

Ọdún tí a kò kà á, àti ọdún tí a kà á

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá ni ìjọba ń ka àwọn ènìyàn, láti ọdún 1790. Ọjọ́ kíní oṣù kẹfà ni wọ́n fi ṣe ọjọ́ ìkànìyàn ní ọdún 1860. Ẹni tí ó wà nínú ilé ní ọjọ́ náà ni akànìyàn níláti kọ, ìbáà jẹ́ pé oṣù tí ó tẹ̀lé e ni ó tó dé ẹnu ọ̀nà ilé náà. Nítorí náà, Kossola àti àwọn tí wọ́n jọ wá kò sí nínú ìkànìyàn ọdún 1860, nítorí pé orí òkun ni wọ́n wà ní ọjọ́ náà.

Bí wọ́n tilẹ̀ ti gúnlẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, ohun tí ìwé náà ì bá sọ nípa wọn kò tó nǹkan. Ìwé ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kọ àwọn ẹrú sí ní ọdún 1850 àti 1860. Orúkọ olówó ẹrú ni ó wà lókè. Ní abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ iye ọdún ẹrú kọ̀ọ̀kan, bí ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, àti àwọ̀ ara rẹ̀. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ibi tí wọ́n ti kọ orúkọ ẹrú kankan. Bí ènìyàn ti ń ka ewúrẹ́ inú agbo ni wọ́n ṣe kà wọ́n.

Kossola bọ́ sí ọwọ́ James Meaher, arákùnrin Timothy. Ahọ́n ọ̀gá yìí kò lè pe Kossola, nítorí náà Cudjo ni orúkọ tí wọ́n ń pè é. Àwọn olùwádìí gbà pé láti ara Oluale, orúkọ bàbá rẹ̀, ni Lewis ti wá lẹ́nu àwọn òyìnbó. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé Kossola gbé orúkọ bàbá rẹ̀ rù títí dé ojú oórì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò ka Lewis nínú ìwé tí yóò gbọ́ Oluale nínú rẹ̀. Nǹkan bí ọdún márùn-ún ni ó fi sìn gẹ́gẹ́ bí ẹrú nínú ọkọ̀ ojú omi. Ní oṣù kẹrin ọdún 1865, nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ń parí lọ, àwọn ọmọ ogun ìjọba sọ fún wọn pé wọ́n ti di òmìnira.

Ìkànìyàn ọdún 1870 ni ìwé àkọ́kọ́ tí ó kọ gbogbo ènìyàn dúdú ilẹ̀ náà ní orúkọ. Èyí ni ó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ìdílé àgbẹ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà lónìí, bí wọ́n bá tọ ìran wọn padà sẹ́yìn, ọdún 1870 ni ọ̀nà wọn máa ń dí. Wọn a rí àgbẹ̀ kan, ẹni 50 ọdún, pẹ̀lú aya àti ọmọ. Wọn a wá orúkọ bàbá rẹ̀ ní ọdún 1860, iye ọdún nìkan ni wọn óò bá níbẹ̀, láìsí orúkọ.

Ilẹ̀, ilé àti ọmọ

Ìfẹ́ ọkàn Kossola àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni láti padà sí ilé. Owó ọkọ̀ kò sí. Wọ́n bẹ Timothy Meaher pé kí ó fún wọn ní ilẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé òun ni ó mú wọn kúrò lórí ilẹ̀ tiwọn. Ó kọ̀. Nígbà náà ni tọkùnrin tobìnrin wọn bẹ̀rẹ̀ sí fi owó iṣẹ́ pamọ́ díẹ̀ díẹ̀. Wọ́n di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà lábẹ́ òfin ní ọdún 1868. Ní ọdún 1872 ni Kossola san 100 dọ́là lórí ilẹ̀ tí ó tó nǹkan bí éékà méjì. Wọ́n yan olórí, wọ́n kọ́ ilé ìjọsìn, wọ́n sì gba olùkọ́ fún àwọn ọmọ wọn. Wọ́n pe ibẹ̀ ní African Town, orúkọ náà sì wà títí di òní gẹ́gẹ́ bí Africatown. Ẹ̀yin ará, bí kì í bá ṣe ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú ni ìyẹn, a kò mọ ohun tí à bá pè é.

Abile ni Kossola fẹ́, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tí ó bá ọkọ̀ Clotilda wá, ẹni tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní Celia. Ọmọkùnrin márùn-ún àti ọmọbìnrin kan ni wọ́n bí. Orúkọ méjì méjì ni wọ́n sọ wọ́n, ọ̀kan fún ilẹ̀ tí wọ́n wà, ọ̀kan fún ilẹ̀ tí wọ́n ti wá. Aleck ni àkọ́bí fún àwọn ará Mobile. Nínú ilé, bí a ti rí i nínú ìwé, Iyadjemi ni orúkọ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pè é jáde lẹ́nu. Ìyà jẹ mí ni ó ń wí. Àwọn àgbà wa ní ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé tí Kossola wò ni ó sọ nínú orúkọ náà, ó sì ṣeé gbọ́ fún wa lẹ́yìn 150 ọdún láìsí ògbufọ̀. Ìwé ìkànìyàn kò ní àyè fún irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Aleck ni akànìyàn ń béèrè.

Bí a ti ń ka ìwé náà

Ẹni tí ó bá fẹ́ tọ ìdílé Kossola, tàbí ìdílé àgbẹ̀ mìíràn ní Amẹ́ríkà, láti òní ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, tí yóò sì máa rìn padà sẹ́yìn. Ọdún 72 ni wọ́n fi ń pa ìwé kọ̀ọ̀kan mọ́ kí wọ́n tó ṣí i fún gbogbo ènìyàn. Ti ọdún 1950 ni ó ṣí kẹ́yìn, ní ọdún 2022. Láti ibẹ̀ a ó lọ sí 1940, a ó lọ sí 1930, títí dé ẹ̀yìn. Láti ọdún 1880 ni ìwé náà ti ń sọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ sí olórí ilé, bóyá aya, ọmọ, tàbí ìyá. Ti ọdún 1900 béèrè oṣù àti ọdún tí a bí ènìyàn, ọdún tí ó wọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, bí ó bá mọ ìwé kà, àti bí ilé tí ó ń gbé bá jẹ́ tirẹ̀. Nítorí pé ilé dé ilé ni akànìyàn ń rìn, àwọn aládùúgbò a máa tẹ̀lé ara wọn nínú ìwé. Bí a bá rí ẹnì kan nínú àwọn ará African Town, àwọn yòókù kò ní jìnnà sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé e tán. Ohun tí etí akànìyàn bá gbọ́ ni ó ń kọ, orúkọ ẹnì kan náà sì lè yí padà láti ọdún mẹ́wàá dé ọdún mẹ́wàá. Ọjọ́ orí a máa jẹ́ àfojúdá, pàápàá fún ẹni tí kò mọ ọdún tí a bí i. Ibi tí ó yẹ kí a kọ ìlú ìbí sí, orúkọ orílẹ̀-èdè tàbí ìpínlẹ̀ nìkan ni ó ń fẹ́. Kò sí àyè fún ìlú Kossola níbẹ̀, kò sí àyè fún agboolé Oluale. Ìwé ọ̀tọ̀ tún wà fún iṣẹ́ àgbẹ̀ láti ọdún 1850 dé 1880, níbi tí wọ́n ti kọ ìwọ̀n oko, ẹran ọ̀sìn àti irè. Ní ọdún 1870 àti 1880, wọn kì í kọ oko tí kò tó éékà mẹ́ta, àfi bí irè tí a tà nínú rẹ̀ lọ́dún bá tó 500 dọ́là. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ sí éékà méjì Kossola. Àgbẹ̀ kékeré a fi òógùn rà á, a fi òógùn ro ó, ìwé àwọn àgbẹ̀ kò sì ní mọ̀ pé ó wà. Ìwé tí ó fi tà á fún un ní 1872 nìkan ni ó jẹ́rìí rẹ̀.

Iná tún ba ìwé ìkànìyàn ọdún 1890 jẹ́ ní Washington ní oṣù kíní ọdún 1921, díẹ̀ péré ni ó ṣẹ́ kù. Ọmọ tí a bí lẹ́yìn ìkànìyàn 1880, tí ó sì kú ṣáájú ti 1900, kò ní ibi kankan nínú ìwé ìkànìyàn tí a lè wò.

Ọdún ọ̀fọ̀

Ní ọdún 1893, àìsàn pa ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Kossola bí. Nígbà tí àwọn akànìyàn dé ní ọdún 1900, ìbéèrè kan wà tí wọ́n níláti bi gbogbo ìyá: ọmọ mélòó ni ó bí, mélòó ni ó kù láàyè? Ní ilẹ̀ wa, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Abile bí mẹ́fà, márùn-ún ni ó kù nígbà náà. Ní ọdún 1902, ọlọ́pàá kan yìnbọn pa èyí tí ó ń jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin pa Dafidi. Pollee jáde nílé, a kò sì rí i mọ́. James kú. Ní ọdún 1908 Abile fúnra rẹ̀ kú, Aleck tí í ṣe Iyadjemi náà sì kú. Nígbà tí a dé ìkànìyàn ọdún 1910, nǹkan bí ọdún 15 ti kó gbogbo ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ, ìyá wọn kò sì sí mọ́ tí a ó bi léèrè.

Kossola fúnra rẹ̀ kò bọ́. Ó ti ń ṣe iṣẹ́ oko, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń la pákó pẹlẹbẹ tí a fi ń bo òrùlé. Ní ọdún 1902 kan náà, ọkọ̀ ojú irin kọlu kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin rẹ̀, ó sì ṣe é léṣe tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè ṣe iṣẹ́ agbára mọ́. Ó pe ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà lẹ́jọ́, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ sì ní kí wọ́n san 650 dọ́là fún un. Ilé ẹjọ́ gíga ti Alabama yí ìdájọ́ náà dà ní ọdún 1904. Àwọn ará African Town kò jẹ́ kí ó ṣá tì. Wọ́n fi í ṣe olùtọ́jú ilé ìjọsìn wọn.

Ẹni tí ó pè é ní orúkọ rẹ̀

Ní ọdún 1927 àti 1928, obìnrin òǹkọ̀wé kan tí ń jẹ́ Zora Neale Hurston lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Kossola ti lé ní 80 ọdún. Obìnrin náà kò pè é ní Cudjo. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ni ó fi pè é, omi sì lé ròrò sójú bàbá àgbàlagbà náà. Ó sọ ìtàn ara rẹ̀ fún un, ó sì sọ ìdí rẹ̀: ó fẹ́ kí ẹnì kan lọ pe orúkọ òun ní ilẹ̀ Áfíríkà lọ́jọ́ kan, kí ẹnì kan níbẹ̀ sì dáhùn pé òun mọ Kossola. Nígbà tí a óò ya àwòrán rẹ̀, ó wọ aṣọ tí ó dára jùlọ, ó bọ́ bàtà, ó sì lọ dúró láàárín oórì àwọn ará ilé rẹ̀. Ọdún 2018 ni ìwé tí Hurston kọ nípa rẹ̀ tó jáde.

Kossola kú ní ọjọ́ 17 oṣù keje ọdún 1935. Àwọn kan ti rò pé òun ni ó kẹ́yìn nínú àwọn tí ó bá Clotilda wá. Ní ọdún 2020, olùwádìí Hannah Durkin fi hàn pé obìnrin kan, Matilda McCrear, wà láàyè títí di oṣù kíní ọdún 1940. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí wọ́n kó òun àti ìyá rẹ̀ wá, ilà ilẹ̀ wa sì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Àgbẹ̀ tí ń ro oko onílẹ̀ ni òun náà. Ìwé ìkànìyàn, ìwé ìròyìn àtijọ́ àti ìrántí ìdílé, nígbà tí a so wọ́n pọ̀, ni ó mú orúkọ rẹ̀ jáde.

Ohun tí ó kàn wá

Kí ni ìtàn yìí ń sọ fún wa? Ìwé ìkànìyàn fi ilé Kossola hàn, ó fi ọdún àti iṣẹ́ hàn. Kò mọ Oluale, kò mọ Fondlolu, kò mọ Iyadjemi. Ẹnu Kossola nìkan ni ó gba àwọn orúkọ náà là, nítorí pé ó sọ ọ́, ẹnì kan sì jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó tó kú. Ìran rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lè ka orúkọ bàbá àti ìyá rẹ̀ lónìí. Ọ̀pọ̀ ìdílé tí ó wà lórí ilẹ̀ baba rẹ̀ níhìn-ín kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àwa tí à ń kọ́ ọmọ níwèé ti bi àwọn ọmọ kíláàsì wa léèrè orúkọ ìyá tí ó bí bàbá wọn. Púpọ̀ nínú wọn dákẹ́. Bí wọ́n ti ń dákẹ́ yìí, àwọn àgbà tí ó mọ̀ ọ́n ń lọ.

Nítorí náà, a bẹ olórí ìdílé kọ̀ọ̀kan pé kí ọdún tó yí po, kí ó jókòó ti àwọn àgbà ilé, kí ó sì kọ nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀: orúkọ bàbá àti ìyá, ti bàbá àgbà àti ìyá àgbà, dé ibi tí ìrántí bá dé, oríkì orílẹ̀, agboolé àti abúlé oko, àti orúkọ àwọn tí ó jáde lọ tí wọn kò padà. Ẹ má ṣe fo àwọn obìnrin, nítorí pé ibẹ̀ ni okùn ti máa ń já. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi, ẹ kọ orúkọ ilé tí ẹ sọ ọmọ yín mọ́ èyí tí ìwé ìjọba ibẹ̀ mọ̀ ọ́n sí. Kí ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́ wa, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan pamọ́ sílé.

Bí ọmọ ẹnì kan bá sì dé lọ́jọ́ kan láti òkè òkun, tí ó dúró ní ìloro tí ó ń pe orúkọ bàbá ńlá rẹ̀, kí Ọlọ́run jẹ́ kí a rí ẹni tí yóò dáhùn nínú ilé pé òun mọ̀ ọ́n.